Ìbéèrè Ọ̀sẹ̀ Kẹrin: àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń wo fíìmù queer, fíìmù nípa ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin

"Ìwọ náà ńkọ́? Ó jọ pé ọ̀rọ̀ Martha inú fíìmù yìí yé ọ ju gbogbo àwa tó kù lọ."

Ìbéèrè náà kò gùn ju báyìí lọ. Ẹni tó bi í rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àwọn méjì sì bá a rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bi wolẹ̀, ó ní èrò òun nípa fíìmù lòun ń sọ. Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Èmi tí mo jẹ́ atọ́kùn wo aago, mo ní, "Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ." Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí àkókò wa pé. A sọ̀rọ̀ títí ó fi pé. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àga ẹni náà ṣófo.

Ohun tí àwọn tó ń kó ènìyàn jọ wo fíìmù máa ń bẹ̀rù jù ni kí ìjíròrò má gbérí: kí fíìmù parí, kí iná tàn, kí oníkálùkù máa wo òkè àjà bí ẹni tó ń dúró de dókítà. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ìjíròrò gbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju ti ìgbàkígbà lọ, inú mi sì ń dùn sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, láìfi nǹkan pa mọ́ yàtọ̀ sí ohun tí kì í ṣe tèmi láti sọ.

Àwa méjìlá ni, tí a bá ka èmi náà mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ la dá, alẹ́ kan lọ́sẹ̀, nínú yàrá kan tó ní aṣọ funfun lára ògiri àti ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sí i. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàrin wa, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, Màmá la máa ń pè é. Onífọ́tò kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ mú bí abẹ tó bá di ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ àti òjìji. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta wà níbẹ̀. Àwọn yòókù jẹ́ òṣìṣẹ́ tó kàn fẹ́ràn sinimá. Fóònù kì í kọjá agbọ̀n tó wà lẹ́nu ọ̀nà, a kì í ya fọ́tò, a kì í kọ orúkọ ẹni tó wá sílẹ̀. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè irú ẹni tó ń fẹ́ kó tó wọlé. Àwọn kan sọ tiwọn fúnra wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn kan ò sọ. Mo rò pé ìyẹn ti tó láti dáàbò bo gbogbo wa.

Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, mi ò ní sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mi ò sì ní sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èdè wa ṣe mí lóore níbí: "ó" kò ya akọ sọ́tọ̀ lára abo. Màmá ló kọ́kọ́ pe ọkàn wa sí èyí, ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ bí àwọn aṣefíìmù àtijọ́ ṣe máa ń sọ obìnrin di ọkùnrin nínú ìtàn kí àwọn tó ń yẹ fíìmù wò má bàa fọwọ́ osì tì í. Ó ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá lè sọ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kí ẹni tó ń gbọ́ ọ má mọ̀ bóyá ọkùnrin ni olólùfẹ́ ọ̀hún tàbí obìnrin, àfi tó bá bi í. "Nítorí náà," ó ní, "ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń tú àṣírí lédè wa. Ìbéèrè ni." A rẹ́rìn-ín sí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo sì gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, queer, a ò tú u. A gbìyànjú ẹ̀ ní alẹ́ àkọ́kọ́ fún bí ìdajì wákàtí, a rí i pé nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa, àwọn kan jẹ́ èébú pọ́ńbélé, àwọn tó kù jẹ́ àlàyé gígùn nípa ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí ibùsùn, bí ẹni pé ìfẹ́ ò ní ibòmíràn tó ń gbé. A fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èébú lòun náà tẹ́lẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn tí wọ́n ń fi bú tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń bú wọn.

Wíwo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ pọ̀, ká sì jọ jiyàn lé e lórí, ti pẹ́. Ní 1977, Richard Dyer, onímọ̀ nípa fíìmù, ṣètò odindi ọ̀wọ́ fíìmù kan lórí bí sinimá ṣe ń fi irú ìfẹ́ yìí hàn, ní National Film Theatre ní London. Láàrin ọdún 1970 sí 1980, Vito Russo, ará Amẹ́ríkà tó ń kọ̀wé nípa fíìmù, ń gbé àjákù fíìmù kiri, ó ń fi wọ́n han àwọn èrò, ó ń ṣàlàyé, kó tó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé The Celluloid Closet ní 1981. Fídíò ò tíì wọ ilé gbogbo ènìyàn nígbà náà. Bí o ò bá sí níbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù hàn, o ò rí i nìyẹn. Kódà fíìmù tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ètò tiwa, Anders als die Andern, tí Richard Oswald ṣe ní Jámánì ní 1919, ní irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ nínú: dókítà Magnus Hirschfeld, tó bá a kọ ìtàn náà, jáde nínú ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń bá àwọn èrò sọ̀rọ̀, ó ń fi àwòrán hàn wọ́n. Nígbà tó di 1920, wọ́n fòfin dè é. Àjákù rẹ̀ nìkan la ní lónìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, Mädchen in Uniform ti 1931, tí Leontine Sagan darí. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni mo fi sí fíìmù méjì tí wọ́n jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo, àwọn ló sì gbé wàhálà wa dé.

Ní 1934, Lillian Hellman gbé eré kan sórí ìtàgé ní New York, The Children's Hour. Obìnrin méjì, Karen àti Martha, jọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ kan tí wọ́n bá wí sá lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, ó ní ìfẹ́ tó wà láàrin àwọn olùkọ́ méjèèjì kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ lásán. Ìyá àgbà gbà á gbọ́. Ó gbé fóònù, ó ń pe àwọn òbí kọ̀ọ̀kan. Kò pẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ fi dahoro. Àwọn olùkọ́ pè é lẹ́jọ́, wọ́n pàdánù. Ẹjọ́ gidi kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Edinburgh ní 1810 ni Hellman ti fa ìtàn náà yọ.

Nígbà tí Samuel Goldwyn ra eré yìí láti fi ṣe fíìmù, òfin Hays, tó ń sọ ohun tí fíìmù lè fi hàn àti èyí tí kò lè fi hàn, ti gbilẹ̀ ní Hollywood. Wọ́n ti kọ òfin náà láti 1930, ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un. Kò gbà kí fíìmù mẹ́nu ba irú ìfẹ́ yìí, kódà bí wọ́n bá fi òwe sọ ọ́. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí Goldwyn lo àkọlé eré náà. Hellman fúnra rẹ̀ ló tún ìtàn náà kọ: irọ́ ọmọ náà di pé Martha àti Joe, àfẹ́sọ́nà Karen, ń yan ara wọn lálè. William Wyler darí ẹ̀, wọ́n pè é ní These Three, ó jáde ní 1936. Ó sì dùn lópin: Karen àti Joe tún pàdé ní Vienna.

Ọdún 25 lẹ́yìn náà, Wyler yìí kan náà padà sídìí ìtàn náà. Ní 1961, Audrey Hepburn ṣe Karen, Shirley MacLaine ṣe Martha. Miriam Hopkins, tó ti ṣe Martha nínú ti àkọ́kọ́, padà wá gẹ́gẹ́ bí àǹtí Martha. Òfin Hays ti ń rọ̀ nígbà yẹn. Oṣù kẹwàá ọdún náà gan-an ni wọ́n tún un ṣe, pé fíìmù lè fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n bá fi ìṣọ́ra ṣe é. Ẹ̀sùn wá padà sí bí Hellman ṣe kọ ọ́. Orúkọ ẹ̀sùn ni kò padà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó lo ọ̀rọ̀ náà "lesbian" fún ohun tí wọ́n fi kan àwọn obìnrin méjèèjì. Nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́ fún ìyá àgbà rẹ̀ nínú ọkọ̀, gíláàsì wà láàrin àwa àti wọn. A rí ẹnu tó ń rìn létí ìyá àgbà. A ò gbọ́ nǹkan kan.

Báyìí lalẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrin ṣe lọ. Fíìmù parí, mo tan iná. Onífọ́tò ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó tọ́ka sí nǹkan tí mi ò ronú kàn rí. Ó ní nínú fíìmù méjèèjì, irọ́ ọmọ náà lọ bá nǹkan tó wà lọ́kàn Martha lóòótọ́ pàdé: ní 1936, Joe ni Martha fẹ́ràn níkọ̀kọ̀, ní 1961, Karen ni. Irọ́ méjèèjì ni òótọ́ wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà á lẹ́nu ẹ̀: "Ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan náà ni. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ràn ọkùnrin sunkún lásán, ẹni tó fẹ́ràn obìnrin pokùn so." Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde bí omi. Ṣé fíìmù náà pa Martha nítorí pé ó káàánú rẹ̀ ni, àbí nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tó lè fi ṣe? Kí ló dé tí Karen fi kọjá lára Joe ní itẹ́ òkú láìwo ẹ̀yìn, ṣé ìbànújẹ́ ni tàbí òmìnira?

Ẹni tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sábà sọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní ikú Martha kọ́ ló dun òun jù. Ohun tó dun òun ni pé Martha ò ráyè rò ó fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ti rò ó fún un, ó ti rò ó pẹ̀lú ẹ̀gàn, ó ti tàn án ká ìlú, kí òun gan-an tó mọ̀ pé nǹkan kan wà lọ́kàn òun. Nígbà tó máa fi dé ibẹ̀, ilé ti kún fún ẹlòmíràn. Ohùn rẹ̀ ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ìgbà náà ni ìbéèrè wá.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan lápò tí mo fẹ́ fi kádìí alẹ́ náà: nínú fíìmù tí wọ́n ṣe látinú ìwé Russo ní 1995, MacLaine sọ pé òun àti Hepburn ò bá ara wọn sọ ohun tí ìtàn náà dá lé lórí rí, ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ṣe é. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà, lẹ́yìn ìbéèrè, nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn, bí ẹni tó ń ka ìkéde ní ibùdókọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Mo pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí kò wá, kò gbé e. Lọ́jọ́ kẹta, ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ẹ má bínú pé mi ò gbé fóònù. Inú ò bí mi sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n fíìmù ni mo wá wò. Èmi kọ́ ló yẹ kí wọ́n wò."

Èrò àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n pe ẹni tó bi ìbéèrè náà, kí n bá a wí. Mo pè é lóòótọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ó kéré sí mi púpọ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó sọ tiwọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọkùnrin lòun ń fẹ́. Jìnnìjìnnì mú un nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó ní ṣe lòun fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni náà. Ọdún mélòó kan lòun fi dákẹ́ kí òun tó rí ẹni bi òun léèrè, ọjọ́ tí wọ́n bi òun ni ara tu òun. "Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ará wa ni, ẹ̀gbọ́n." Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Ìfẹ́ ló ti ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ṣe iṣẹ́ tí òfófó ń ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti lè fi gbogbo ẹnu pe ọmọ inú fíìmù yẹn ní ọmọ burúkú mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó burú. Àmọ́ ètí tó gbọ́ ọ, tó sì yára gbé fóònù, àgbà ló ni ín.

Màmá ò sọ̀rọ̀ yípo ní tirẹ̀. Mo lọ bá a nílé, mo ní kó gbà mí nímọ̀ràn.

"Ọmọdé yẹn kọ́," ó ní. "Ìwọ lo kọ́ ọ."

Mo ní báwo.

"Kí ni ìbéèrè tí o máa ń kọ́kọ́ bi wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Mo lọ ṣí ìwé mi nígbà tí mo délé. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀sẹ̀ kẹta, ìbéèrè kan náà ni mo fi ṣí ìjíròrò: "Ta ni nínú fíìmù yìí ló jọ ọ́ jù?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Ó máa ń mú kí ènìyàn tètè lanu, ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà náà á ní ohun tó máa sọ. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ mi: lọ́sẹ̀ kìíní, àwọn mẹ́fà ló dáhùn, lọ́sẹ̀ kejì, àwọn mẹ́fà yẹn náà ni, lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n di méje, mo sì kọ orúkọ àwọn tí kò dáhùn sápá kan pẹ̀lú àmì ìbéèrè níwájú wọn. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Èmi tí mo ní a ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹni tó wá sílẹ̀! Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, gbogbo yàrá ti mọ ẹni tó sọ tiẹ̀ àti ẹni tí kò sọ. Àìdáhùn ti di ìdáhùn. Mo fa ojú ìwé náà ya.

Mo tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, mo sì tún bà á jẹ́. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtọrọ àforíjì fún gbogbo ẹgbẹ́ láìdárúkọ, mo wá gbé òfin kalẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni. Fíìmù tí a wò ni Victim, tí Basil Dearden ṣe ní Ìlú Ọba ní 1961, níbi tí Dirk Bogarde ti ṣe lọ́yà kan tó lọ dojú kọ àwọn tó ń fi àṣírí gbowó lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, ní 1967, ni òfin tó yí padà ní England àti Wales, kìkì fún àwọn tó ti pé ọdún 21, bí ó bá jẹ́ níkọ̀kọ̀. Fíìmù tó lágbára ni. Ìjíròrò wa gbẹ bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀. Oníkálùkù ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ ìdánwò. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ní òun fẹ́ sọ nǹkan, ó ní àbí òun ò gbọdọ̀ sọ ọ́, ó bá dákẹ́. Mo ti gba ẹnu lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí kò fẹ́.

Onífọ́tò ló mú ọ̀nà kan wá. Ó ní bí òun bá ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, òun kì í jẹ́ kó sọ pé fọ́tò dára tàbí kò dára. Kó kọ́kọ́ ka ohun tó wà nínú ẹ̀ ná: ìmọ́lẹ̀ ti ibo wá, ọwọ́ ta ló wà níbo. Lọ́sẹ̀ kẹfà, a gbìyànjú ẹ̀. Lẹ́yìn tí fíìmù parí, a padà lọ wo ìran kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oníkálùkù á sọ nǹkan kan péré, "mo rí" tàbí "mo gbọ́" ló sì gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. "Mo rò" ò tíì kàn. Ìgbà tó bá yí gbogbo yàrá ká la tó lè béèrè ìtumọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fà á wọlé. Mo tún pín bébà pélébé, kí ẹni tó bá ní ohun tí kò fẹ́ sọ lójú gbogbo ènìyàn kọ ọ́ láìkọ orúkọ.

Fíìmù ọ̀sẹ̀ kẹfà ni The Watermelon Woman, tí Cheryl Dunye ṣe ní 1996. Dunye ló ṣe Cheryl, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù fídíò ní Philadelphia, tó ń wá ìtàn òṣèrébìnrin dúdú kan tó ṣe fíìmù láàrin ọdún 1930 sí 1940, tí wọn ò kọ orúkọ gidi rẹ̀ sí i. Ó rí fọ́tò, ó rí lẹ́tà, ó rí àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó gbúròó obìnrin tí òṣèré náà bá gbé. A tẹ̀ lé e pẹ̀lú gbogbo ọkàn wa. Lópin, ọ̀rọ̀ kan jáde lójú àwòrán pé ìtàn àròsọ ni obìnrin náà. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò sọ fún wọn. Màmá bínú. "Wọ́n tàn mí," ó ní, "mo ti ń gbàdúrà fún òkú tí kò gbé ayé." Onífọ́tò ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀. Fọ́tò àtijọ́ inú fíìmù náà ló mú òun gbàgbọ́. Zoe Leonard ló yà wọ́n fún fíìmù náà, ó sì mú kí wọ́n rí bí ohun tó ti wà ní àpótí ẹnì kan fún ọgọ́ta ọdún. Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ "mo rí, mo gbọ́", ohun tí àwọn ènìyàn rí yà mí lẹ́nu. Ẹnì kan rí i pé etí àwọn fọ́tò náà ti ká. Ẹnì kan gbọ́ pé ohùn Cheryl máa ń yí padà tó bá ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀. Láti ibẹ̀, láìsí ẹni tó darí wọn, wọ́n padà sí fíìmù ọ̀sẹ̀ kìíní: ti Jámánì wà lóòótọ́, wọ́n bà á jẹ́ títí ó fi ku àjákù, ti Dunye ò sí rárá, ó ṣe é títí ó fi pé. Èwo nínú méjèèjì ni ìtàn? A jiyàn lé e lórí ju wákàtí kan lọ. Nígbà tó yá, Màmá fúnra rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ ìtàn olùkọ́ méjì tó mọ̀ nígbà èwe rẹ̀, tí wọ́n jọ gbé títí ọ̀kan fi kú. Kò sẹ́ni tó bi í. Mi ò ní kọ ìtàn náà síbí.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó ti lọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó padà. Mo kàn sọ fún un pé mo jẹ̀bi, ohun tí mo ṣe tó jẹ́ ẹ̀bi, àti bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mi ò mọ ohun tó kọ, mi ò sì béèrè.

Lọ́sẹ̀ keje, ó wọlé nígbà tí a ti pa iná, ó jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Moonlight la wò, tí Barry Jenkins ṣe ní 2016, tó gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tó dára jù lọ. Ìgbésí ayé ọmọkùnrin kan ni lọ́nà mẹ́ta, òṣèré mẹ́ta ló ṣe é, kò sì sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Ìran tí a padà wò ni ti ilé oúnjẹ, níbi tí ọ̀rẹ́ àtijọ́ ti se oúnjẹ fún un lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tó sì wá bi í léèrè ohun tó ń ṣe báyìí.

"Mo gbọ́ agogo ẹnu ọ̀nà," ẹnì kan ní.

"Mo rí i pé ọwọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ ò yára," onífọ́tò ní. "Ó se oúnjẹ ẹ̀ tán ná. Ó jókòó ná. Ó tó wá béèrè."

Akẹ́kọ̀ọ́ wa wolẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó.

Nígbà tí ìyípo dé ẹ̀bá ilẹ̀kùn, mo ṣe tán láti fo ẹni tó wà níbẹ̀ kọjá. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Ó ní kì í ṣe nípa ti òní. Ó ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun ti ń ro ìran inú ọkọ̀ yẹn, ti 1961, tí ọmọ náà fi ẹnu sí etí ìyá àgbà, tí gíláàsì ò jẹ́ ká gbọ́. Gbogbo wa ló gbájú mọ́ ọmọ náà àti ìyá àgbà, pé kí ló sọ, báwo ló ṣe sọ ọ́.

"Ta ló ń wa ọkọ̀ yẹn?"

A wo ara wa. Onífọ́tò lanu, ó pa á dé. Màmá ní òun ò rántí bóyá òun rí ẹnikẹ́ni níwájú.

Mo dìde, mo lọ wá fíìmù ọ̀sẹ̀ kẹrin jáde, mo sì tún pa iná.